Àtúnyẹ̀wò ìlera: Ìdí tí ọkàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà kò fi balẹ̀ lórí owó gbà-máà-bínú wọn

Láàárín àwọn tó ti wọ aṣọ ológun Amẹ́ríkà rí, lẹ́tà kan wà tí ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ gbà. Lẹ́tà náà máa ń pe ẹni tó gbà á pé kí ó wá fún àyẹ̀wò ara lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ìjọba lè mọ̀ bóyá àìlera tó bá a dé láti ẹnu iṣẹ́ ológun ṣì wà bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Àyẹ̀wò ìlera lásán ni lójú ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn. Ní ti ajagunfẹ̀yìntì tó ń gbọ́ bùkátà ilé lórí owó náà, owó ilé, owó oúnjẹ àti owó ilé-ìwé ọmọ ni ọkàn rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá pẹ̀lú. Ní ọdún 2008, ìjọba Amẹ́ríkà kéde ètò kan tí wọ́n pè ní MAVNI. Ètò náà fi àyè sílẹ̀ fún àwọn àjèjì kan tó ń gbé orílẹ̀-èdè náà lọ́nà tó bófin mu láti wọṣẹ́ ológun, bí wọ́n bá gbọ́ èdè tí àwọn ológun nílò tàbí bí wọ́n bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera. Èdè Yorùbá wà lára àwọn èdè náà, bẹ́ẹ̀ ni Haúsá àti Ígbò. Ọdún 2016 ni wọ́n dáwọ́ gbígba ènìyàn tuntun sínú ètò náà dúró. Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà àti àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ tún ń wọṣẹ́ ológun lọ́nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà wọ̀ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ owó gbà-máà-bínú bá wá dé, àwọn ẹbí tó wà nílé náà ni wọ́n ń bá wọn pín nínú àníyàn rẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣàlàyé bí ètò náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ibi tí ìbẹ̀rù ti ń wá, àti ààbò tí òfin fi sílẹ̀.

Irú owó wo ni owó yìí?

Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ajagunfẹ̀yìntì, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí VA, ló ń san owó náà lóṣooṣù. Ó yàtọ̀ sí owó ìfẹ̀yìntì tí ológun ń gbà nítorí pé ó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Kì í sì í ṣe ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún àwọn tálákà. Ohun tó ń sọ ènìyàn di ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i ni pé kí ó ní àìsàn tàbí ìpalára tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ológun, tàbí èyí tí iṣẹ́ náà mú kí ó burú sí i. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ológun fún ọdún 3 péré lè gbà á, bí ẹ̀rí bá fi hàn pé ibẹ̀ ni àìlera rẹ̀ ti wá. Ìjọba kì í sì í gba owó orí lórí rẹ̀.

VA máa ń fi ìdá kan sí àìlera kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti òdo títí dé 100, ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Bí ìdá náà bá ṣe ga tó ni owó rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Ní ọdún 2025, ajagunfẹ̀yìntì tó wà ní ìdá 10 ń gba dọ́là 175 àti sẹ́ǹtì 51 lóṣù, nígbà tí ẹni tó wà ní ìdá 100, tí kò ní ìyàwó, ọmọ tàbí òbí lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, ń gba dọ́là 3,831 àti sẹ́ǹtì 30. Láti ìdá 30 sókè, àfikún wà fún ẹni tó ní ìyàwó tàbí ọkọ, ọmọ, tàbí òbí tó ń gbọ́kàn lé e. Ẹ ó rí i pé àlàfo tó wà láàárín ìdá kan sí òmíràn kì í ṣe kékeré lójú ẹni tí agbára iṣẹ́ rẹ̀ ti dín kù.

Bí wọ́n ṣe ń ṣírò àpapọ̀ ìdá

Ìṣirò náà máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu, nítorí pé wọn kì í ro àwọn ìdá pọ̀ bí ẹni ń ro owó pọ̀. Ara tí kò ní àléébù rárá ni wọ́n kà sí 100. Bí ìpalára ẹ̀yìn bá gba ìdá 50, ìdá 50 ló ṣẹ́kù tí a lè pè ní ara líle. Bí orúnkún bá tún gba ìdá 30, inú 50 tó ṣẹ́kù ni wọn yóò ti yọ ìdá 30 náà, èyí tó jẹ́ 15. Àpapọ̀ wá di 65, kì í ṣe 80. Òfin ní kí wọ́n sún un dé mẹ́wàá tó súnmọ́ ọn jù, kí èyí tó bá sì parí sí márùn-ún lọ sókè. Nítorí náà, ìdá 70 ni owó ẹni náà yóò dúró lé.

Ó yẹ kí ẹni tí ẹ̀rù ń bà mọ ìṣirò yìí dáadáa, nítorí kì í ṣe gbogbo ìdínkù ló ń dín owó kù. Bí ẹni tí a mẹ́nu bà yìí bá tún ní ìdá 10 fún ariwo inú etí, àpapọ̀ rẹ̀ yóò di 69, èyí tí wọn yóò sún dé 70. Bí VA bá mú ìdá 10 náà kúrò lọ́la, 70 kan náà ni yóò máa gbà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ti orúnkún ló sọ̀ kalẹ̀ láti 30 sí 10, àpapọ̀ yóò di 60, owó oṣù yóò sì dín kù.

Ìdí tí VA fi ń tún ènìyàn yẹ̀wò

Àìsàn kì í dúró lójú kan. Òmíràn ń san, òmíràn ń burú sí i, òmíràn a sì máa lọ kí ó tún padà wá. Òfin Amẹ́ríkà fún VA láṣẹ láti tún àwọn tí ara wọn lè yí padà yẹ̀wò, ó sì sọ pé láàárín ọdún 2 sí ọdún 5 lẹ́yìn àyẹ̀wò tó ṣáájú ni ó sábà yẹ kí ó wáyé.

Àwọn àìlera kan wà tí àtúnyẹ̀wò wọn jẹ́ dandan. Ẹni tí jẹjẹrẹ ń bá jà ni a lè fi ṣe àpẹẹrẹ. Bí jẹjẹrẹ prostate bá bá ajagunfẹ̀yìntì kan, tí VA sì gbà pé iṣẹ́ ológun ló fà á, ìdá 100 ni wọn yóò fún un ní gbogbo àkókò tí àrùn náà fi wà lára rẹ̀ àti nígbà tó ń gba ìtọ́jú. Lẹ́yìn oṣù 6 tí ìtọ́jú bá parí, òfin ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí àrùn náà kò bá sí mọ́, ohun tó fi sílẹ̀ lára ni wọn yóò wọ̀n, irú bí ìtọ̀ tí ẹni náà kò lè mú dúró mọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó gba ìwòsàn fi ń rí i pé owó wọn dín kù ní àkókò tí wọ́n ń dúpẹ́ pé ẹ̀mí wọn kò lọ.

Àpẹẹrẹ kejì ni ti ẹni tó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ nítorí àìsàn ọpọlọ tó wá láti inú ìṣẹ̀lẹ̀ tó kó ìpayà ńlá bá a. Òfin ní kí wọ́n fún un ní ìdá 50 ó kéré tán, kí wọ́n sì tún un yẹ̀wò láàárín oṣù 6 lẹ́yìn tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n òfin kan náà dárúkọ àwọn tí kò yẹ kí wọ́n máa pè fún àtúnyẹ̀wò lóòrèkóòrè. Lára wọn ni ẹni tí àìlera rẹ̀ kò lè yí padà mọ́, bí ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ẹni tí àìlera rẹ̀ ti wà fún ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ láìsí àmì pé ó ń san. Ẹni tó ti ju ẹni ọdún 55 lọ, àyàfi bí ìdí pàtàkì bá wà. Ẹni tó wà ní ìdá tó kéré jù lọ tí òfin fi sí irú àìlera bẹ́ẹ̀. Àti ẹni tí àpapọ̀ ìdá rẹ̀ kò ní yí padà bí ọ̀kan nínú àwọn àìlera rẹ̀ tilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Wọn kì í fi ìgbà gbogbo tẹ̀lé ìlànà yìí. Ọ́fíìsì olùbẹ̀wò àgbà tó ń ṣọ́ iṣẹ́ VA gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde ní oṣù Keje ọdún 2018. Ó ṣe ìwádìí lórí àwọn àtúnyẹ̀wò tó wáyé láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ó sì fojú bù ú pé nínú 53,500, nǹkan bí 19,800 ni kò yẹ kó wáyé rárá. Owó tó bá àwọn àyẹ̀wò tí kò nídìí wọ̀nyí lọ láàárín oṣù 6 náà tó mílíọ̀nù 10 dọ́là. Ìyẹn fi hàn pé ìbẹ̀rù àwọn ajagunfẹ̀yìntì kì í ṣe àròsọ lásán.

Ibi tí ìbẹ̀rù náà ti ń wá

Ìtàn ọdún 2005 ṣì wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ àwọn tó ti pẹ́ nínú ètò yìí. Ní ọdún náà, ọ́fíìsì olùbẹ̀wò àgbà yẹ fáìlì 2,100 wò, ti àwọn ajagunfẹ̀yìntì tó ń gba owó gbà-máà-bínú nítorí ìdààmú ọkàn tó máa ń tẹ̀lé ìrírí ogun, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní PTSD. Wọ́n rí i pé ìwé ẹ̀rí kò pé nínú àwọn fáìlì kan. VA wá kéde pé òun yóò tún fáìlì bí 72,000 yẹ̀wò. Ariwo sọ láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ ajagunfẹ̀yìntì àti àwọn aṣòfin. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, VA fagi lé ètò náà. Ó ṣàlàyé pé àṣìṣe àkọsílẹ̀ àti ìwé tó sọnù ni ohun tí wọ́n rí nínú àwọn fáìlì 2,100 náà, pé kì í ṣe jìbìtì. Wọ́n fagi lé e lóòótọ́, ṣùgbọ́n oṣù mélòó kan tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fi ń retí lẹ́tà kò rọrùn fún àwọn tó jẹ́ pé àìsàn ìpayà gan-an ló ń ṣe wọ́n.

Ẹ̀ka kejì ìbẹ̀rù náà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wá ọ̀nà láti dín ìnáwó ìjọba kù. Ọ́fíìsì tó ń bá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà ṣírò ìṣúná, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CBO, máa ń to oríṣiríṣi ọ̀nà tí owó fi lè dín kù sílẹ̀. Nínú ìwé tó gbé jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ọ̀nà kan ni pé kí wọ́n máa wo iye owó tó ń wọlé fún ajagunfẹ̀yìntì kí wọ́n tó san gbà-máà-bínú fún un. Òmíràn ni pé kí owó àwọn tó ti dàgbà kọjá ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì dín kù. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òfin, CBO kì í sì í sọ pé kí wọ́n ṣe é tàbí kí wọ́n má ṣe é. Ó kàn ń fi iye owó tí yóò bọ́ sápò ìjọba hàn ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá jáde ni àhesọ máa ń gbilẹ̀ pé wọ́n ti fẹ́ gba owó lọ́wọ́ àwọn tó fara gbọgbẹ́.

Ewu tó wà fún ìlera

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera, tí kò fi mọ sí ọ̀rọ̀ owó nìkan, ni ìhà tó lè mú kí aláìsàn kọ sí ìwòsàn. Bí ènìyàn bá gbà pé owó òun yóò lọ bí ara òun bá le díẹ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún dókítà. Ó lè kọ̀ láti lo oògùn, kí ó má baà jẹ́ pé oògùn yóò mú àmì àìsàn náà rọlẹ̀ ní ọjọ́ àyẹ̀wò. Ó lè kọ iṣẹ́ kékeré tí ì bá mú inú rẹ̀ dùn. Ó sì lè máa fi ohun rere tó ṣẹlẹ̀ sí i pamọ́ fún oníṣègùn tó ń tọ́jú rẹ̀, kí wọ́n má baà kọ ọ́ sínú ìwé.

Irú ìhà bẹ́ẹ̀ kì í ran ẹni náà lọ́wọ́ lọ́nà kankan. Àkọ́kọ́, àìsàn tí a kò tọ́jú ń burú sí i. Èkejì, ìwé ìtọ́jú ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ tí ajagunfẹ̀yìntì lè fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí kò rí dókítà fún ọdún 3 kò ní ohun tí yóò fi hàn pé ìrora òun ṣì wà. VA lè wo àyè òfìfo náà kí ó sọ pé ara rẹ̀ ti yá. Ohun tí ẹni náà rò pé ó ń dáàbò bo owó rẹ̀ gan-an ni yóò wá fi owó náà sínú ewu.

Àníyàn fúnra rẹ̀ tún ń ṣe ara níkà. Àìrórun sùn, ìbínú òjijì, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọtí àmujù jẹ́ ohun tí àwọn oníṣègùn mọ̀ mọ ìdààmú ọkàn. Ní ti ẹni tó ní PTSD, ìdúró de ìdájọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn lè jí àwọn àmì àìsàn náà dìde. Nítorí èyí, kí ẹbí má ṣe fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un bí ajagunfẹ̀yìntì bá ń sọ̀rọ̀ pé ayé ti sú òun. Ní Amẹ́ríkà, bí ó bá pe nọ́ńbà 988, tí ó sì tẹ 1, yóò rí ẹni tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ àwọn ajagunfẹ̀yìntì bá sọ̀rọ̀ ní gbogbo wákàtí ọ̀sán àti òru.

Ààbò tí òfin fi sílẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ̀rù ń bà ni kò mọ̀ pé òfin ti mọ odi yí wọn ká, àti pé bí ọdún ṣe ń gorí ọdún ni odi náà ń nípọn sí i.

Lẹ́yìn ọdún 5 tí ìdá kan ti dúró lójú kan, VA kò lè dín in kù nítorí pé ara ẹni náà yá díẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìyípadà náà ti fìdí múlẹ̀, pé yóò sì máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ nínú ìgbé ayé ojoojúmọ́. Àyẹ̀wò tuntun náà gbọ́dọ̀ kúnná tó èyí tí wọ́n fi fún un ní ìdá náà níjọ́sí. Ní ti àwọn àìsàn tó máa ń lọ tó sì máa ń bọ̀, irú bí wárápá, ikọ́ fée, ọgbẹ́ inú àti ọ̀pọ̀ àìsàn ọpọlọ, òfin kò fẹ́ kí wọ́n gbé àyẹ̀wò kan ṣoṣo lé ìwọ̀n kí wọ́n fi dín ìdá kù, àyàfi bí gbogbo ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ bá fi hàn kedere pé ìwòsàn náà ti dúró.

Lẹ́yìn ọdún 10, VA kò lè sọ mọ́ pé àìlera náà kò ti ẹnu iṣẹ́ ológun wá, àyàfi bí jìbìtì bá wà nídìí rẹ̀ tàbí bí àkọsílẹ̀ ológun bá fi hàn kedere pé ẹni náà kò ní irú iṣẹ́ ológun tàbí irú ìdásílẹ̀ tí òfin béèrè fún. Ìdá lè sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ náà fúnra rẹ̀ kò ní parẹ́. Lẹ́yìn ọdún 20 tí ìdá kan ti wà láìsọ̀ kalẹ̀, kò sẹ́ni tó lè mú un wálẹ̀ mọ́, àyàfi bí jìbìtì bá wà.

Àwọn tó ń gba owó ìdá 100 nítorí pé àìlera wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ tó lè bọ́ wọn ní ààbò tiwọn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbìyànjú iṣẹ́ kan, VA kò lè torí iṣẹ́ náà nìkan dín owó rẹ̀ kù, àyàfi bí ó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ náà fún oṣù 12 gbáko láìdáwọ́ dúró. Àwọn tó ṣe òfin náà mọ̀ pé ó yẹ kí aláìsàn lè dán ara rẹ̀ wò láìsí ìbẹ̀rù.

Bí VA bá wá fẹ́ dín owó ẹnì kan kù, kò lè ṣe é ní ọ̀sán kan òru kan. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé pé èyí ni ohun tí òun ń gbèrò, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀. Láti ọjọ́ tí ìwé náà ti jáde, ajagunfẹ̀yìntì ní ọjọ́ 60 láti fi ẹ̀rí ránṣẹ́. Bí ó bá béèrè láàárín ọjọ́ 30 àkọ́kọ́ pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu òun, owó rẹ̀ yóò máa wọlé bí ó ti ń wọlé títí wọn yóò fi gbọ́ ọ, tí wọn yóò sì ṣe ìpinnu. Kódà lẹ́yìn ìpinnu ìkẹyìn, ọjọ́ 60 mìíràn yóò kọjá, wọn yóò sì dé ìparí oṣù tí ó bọ́ sí, kí owó tó sọ̀ kalẹ̀.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe bí lẹ́tà bá dé

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹni náà má ṣe pa ọjọ́ àyẹ̀wò jẹ. Bí ó bá kọ̀ láti lọ láìsí ìdí tó yè kooro, òfin fún VA láyè láti gbé ìgbésẹ̀ láti dín owó náà kù tàbí kí ó dá a dúró. Bí ọjọ́ náà kò bá rọgbọ, bóyá nítorí àìsàn tàbí òkú nínú ẹbí, kí ó tètè pè wọ́n kí wọ́n fún un ní ọjọ́ mìíràn.

Kókó yìí ṣe pàtàkì fún àwọn ajagunfẹ̀yìntì tó ti padà wá máa gbé ní Nàìjíríà. VA ń san owó gbà-máà-bínú fún àwọn tó ń gbé lókè òkun, ó sì lè ṣètò àyẹ̀wò fún wọn níbi tí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n bí àdírẹ́sì tó wà lọ́wọ́ VA bá jẹ́ ti ilé tí ẹni náà ti kó kúrò ní Houston tàbí Maryland láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, lẹ́tà yóò lọ síbẹ̀, ọjọ́ àyẹ̀wò yóò kọjá, ohun tí yóò sì kọ́kọ́ gbọ́ ni pé owó kò wọlé. Kí wọ́n máa rí i dájú pé àdírẹ́sì, nọ́ńbà tẹlifóònù àti íméèlì wọn bá àkókò mu.

Ohun kejì ni òtítọ́. Yàrá àyẹ̀wò kì í ṣe ibi ìṣerunrun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ibi àṣejù. Nínú àṣà wa, bí wọ́n bá béèrè pé báwo ni ara, “a dúpẹ́” ni ìdáhùn, ìbáà ṣe pé ẹ̀yìn ń dun ènìyàn débi pé kò lè tẹ̀ ba. Ìdáhùn ọmọlúwàbí ni láwùjọ, ṣùgbọ́n lẹ́nu olùyẹ̀wò, ó lè di ohun tí wọn yóò kọ sílẹ̀ pé aláìsàn sọ fúnra rẹ̀ pé ara òun le. Kí ajagunfẹ̀yìntì ṣàlàyé bí ọjọ́ tó dára ṣe ń rí, bí ọjọ́ tó burú ṣe ń rí, iye ìgbà tí ọjọ́ burúkú ń wáyé nínú oṣù, àti ohun tí kò lè ṣe ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sì bù mọ́ ìrora rẹ̀ ń fi ìgbẹ́kẹ̀lé ṣòfò, nítorí jìbìtì nìkan ni ohun tó ń wó gbogbo odi tí a sọ lókè.

Ohun kẹta ni ẹ̀rí. Àbọ̀ àyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀, àkọsílẹ̀ oògùn, àti ọ̀rọ̀ tí ìyàwó, ọkọ tàbí ẹlẹgbẹ́ iṣẹ́ kọ nípa ohun tí ojú wọn rí, gbogbo rẹ̀ ni VA gbọ́dọ̀ gbé yẹ̀wò. Ẹni tó ń gba ìtọ́jú ní Nàìjíríà ní láti máa gba ìwé lọ́wọ́ ilé-ìwòsàn, kí ó sì tọ́jú rẹ̀.

Ohun kẹrin ni olùrànlọ́wọ́. Àwọn ẹgbẹ́ bíi American Legion, VFW àti DAV ní àwọn aṣojú tí VA fún ní ìwé àṣẹ, tí wọ́n ń ran ajagunfẹ̀yìntì lọ́wọ́ láìgba kọ́bọ̀. Kí wọ́n ṣọ́ra fún àwọn tó ń polówó pé àwọn yóò bá wọn gbèjà ìdá wọn, tí wọ́n sì ń béèrè owó ńlá láìní ìwé àṣẹ kankan.

Ó tún yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó bá fúnra rẹ̀ béèrè pé kí wọ́n fi kún ìdá òun ń ṣí ìlẹ̀kùn àyẹ̀wò lórí àìlera náà. Bí ara bá burú sí i lóòótọ́, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti béèrè, ṣùgbọ́n kí ó kó ẹ̀rí jọ kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ìdájọ́ kò bá tẹ́ni lọ́rùn

Ìpinnu VA kì í ṣe òpin. Láti ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2019 ni òfin tuntun lórí ẹ̀sùn kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀nà mẹ́ta ló sì là sílẹ̀. Ajagunfẹ̀yìntì lè mú ẹ̀rí tuntun wá, kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀wò. Ó lè ní kí òṣìṣẹ́ àgbà mìíràn wo ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ bóyá àṣìṣe wà. Ó sì lè gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ adájọ́ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn ajagunfẹ̀yìntì. Ọdún kan gbáko ni òfin fún un láti yan ọ̀nà tó bá wù ú. Bí ó bá hàn pé VA kò tẹ̀lé ìlànà nígbà tó dín owó náà kù, wọ́n lè dá ìdá rẹ̀ padà sí ibi tó wà, kí wọ́n sì san èyí tó ti jẹ wọ́n lọ́wọ́.

Kí àwọn olùkàwé wa má ṣe da ètò yìí pọ̀ mọ́ ti ilé wa. Àwọn ológun Nàìjíríà tó ti fẹ̀yìntì, tí à ń rántí pẹ̀lú àwọn tó ti lọ ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdọọdún, wà lábẹ́ òfin mìíràn, àjọ Military Pensions Board ló sì ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì wọn. Ọdún tàbí ìdá tí a dárúkọ níhìn-ín kò kan tiwọn.

Ní ti ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ní Amẹ́ríkà, ìmọ̀ràn tó ṣe pàtàkì jù lọ kò nira láti rántí: kí ó má ṣe tìtorí owó kọ ìwòsàn. Kí ó lọ sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀, kí ó lo oògùn rẹ̀, kí ó ka lẹ́tà rẹ̀ ní ọjọ́ tó bá dé, kí ó sì ka iye ọdún tí ìdá rẹ̀ ti wà. Ìlera tó bá rí gbà padà, tirẹ̀ ni. Iṣẹ́ VA ni láti fi ẹ̀rí hàn pé ìlera náà ti dúró kí ó tó fọwọ́ kan owó rẹ̀.